Wọ́n dín èrò igbó Ọ̀ṣun kù nígbà kòrónà: ta ni yóò wá dá ewu tó ń bá odò bọ̀ dúró?

Lọ́dọọdún, bí oṣù kẹjọ bá ti ń kanlẹ̀kùn, ìlú Òṣogbo ni ojú ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wà. Àwọn ọmọ bíbí ìlú náà tí wọ́n wà lẹ́yìn odi a padà wálé, àwọn oníṣẹ̀ṣe a gbéra láti Èkó, Ìbàdàn àti Ilé-Ifẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan yóò wọ bàálù láti Brazil, Cuba àti Amẹ́ríkà, wọn yóò ní ìyá àwọn ni àwọn ń wá kí. Lọ́jọ́ tí Arugbá bá ru igbá lọ sí odò, láti ààfin Àtáọ́ja títí dé ojúbọ, ẹsẹ̀ kì í gbèrò. Onílù ń lù, àwọn olùsìn aláṣọ funfun ń kọrin, àwọn tí wọ́n wá wòran náà ń ti ara wọn síwá sẹ́yìn kí wọ́n lè fi ojú kan ọmọbìnrin tó gbé ẹ̀bẹ̀ gbogbo ìlú karí.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àṣẹ tó wà nílẹ̀ ni pé kí wọ́n ṣe ètùtù, ṣùgbọ́n kó jẹ́ ìwọ̀nba àwọn tí ètùtù náà kàn gbọ̀ngbọ̀n ni yóò lọ sí odò. Kí àwọn yòókù jókòó sílé. Ọ̀pọ̀ ló gbà nígbà náà pé ohun tó yẹ kí ìjọba ṣe láti dáàbò bo àwọn tó ń lọ sí igbó náà ni wọ́n ti ṣe yẹn. Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà ni ìkìlọ̀ mìíràn tún jáde nípa ibi kan náà, èyí tí kò ní í ṣe pẹ̀lú ikọ́ tàbí ìbòmú, tí títi ilẹ̀kùn igbó kò sì lè wò ó sàn. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ti di ìtàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé fúnra rẹ̀ kéde ní ọjọ́ 5, oṣù karùn-ún, ọdún 2023 pé kòrónà kì í ṣe ọ̀rọ̀ pàjáwìrì fún gbogbo ayé mọ́. Ọ̀rọ̀ kejì ṣì wà níbẹ̀, ó ń ṣàn.

Ẹ ó rántí bí ti àkọ́kọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 27, oṣù kejì, ọdún 2020 ni wọ́n kéde ẹni àkọ́kọ́ tó ní àrùn kòrónà ní Nàìjíríà, ọmọ ilẹ̀ Ítálì kan tó gba Èkó wọlé. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ 11, oṣù kẹta, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní àjàkálẹ̀ àrùn tó kárí ayé ni. Ọjọ́ 23 oṣù náà ni wọ́n ti àwọn pápákọ̀ òfurufú mọ́ bàálù tó ń ti òkè òkun bọ̀, ọjọ́ 30 sì ni òfin kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Ògùn àti Àbújá. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kò bọ́ nínú rẹ̀. Ní ìparí oṣù kẹta yẹn kan náà ni wọ́n rí àrùn náà lára àwọn kan nínú àwọn tí wọ́n ń ti Côte d'Ivoire bọ̀, àwọn tí ìjọba kó jọ sí Èjìgbò fún àyẹ̀wò. Kò yani lẹ́nu pé ọ̀nà Èjìgbò ló gbà dé; ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ará ìlú yẹn ti sọ Abidjan di ilé kejì.

Ọjọ́ 1, oṣù keje, ni ìjọba àpapọ̀ tó gbà kí àwọn èèyàn máa rìn láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì. Bàálù òkè òkun ní tirẹ̀ kò padà bẹ̀rẹ̀ títí di ọjọ́ 5, oṣù kẹsàn-án. Àárín ọjọ́ méjèèjì yìí gan-an ni ọdún Ọ̀ṣun bọ́ sí. Ìyẹn ni pé ẹni tó wà ní Bahia tàbí Havana, bó ti wù kí owó rẹ̀ pọ̀ tó, kò lè fi ẹsẹ̀ tẹ Òṣogbo lọ́dún náà, nígbà tí ẹni tó wà ní Èkó, níbi tí àrùn ọ̀hún ti gbilẹ̀ jù, lè wọ ọkọ̀ láàárọ̀ kó sì dé etí odò kí oòrùn tó kan àtàrí. Ìṣòro tó wà níwájú ìjọba ìpínlẹ̀, èyí tí Gómìnà Gbóyèga Oyètọ́lá ń darí nígbà náà, àti ààfin Àtáọ́ja, Ọba Jimoh Oyètúnjí Ọlánipẹ̀kun, nìyẹn.

Bí a bá fi ojú àánú wò ó, ìpinnu tí wọ́n ṣe mọ́gbọ́n dání. Igbó náà fẹ̀, ó tó hẹ́kítà 75. Atẹ́gùn ń fẹ́ níbẹ̀, igi ńláńlá ló bò ó, kò sì sí òrùlé tó sé èémí èèyàn mọ́. Àrùn tó ń gba inú èémí ràn kò fẹ́ràn irú ibẹ̀. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ dáadáa ni yóò mọ ibi tí ewu wà. Àyè pọ̀ nínú igbó, ṣùgbọ́n etí odò tí gbogbo èèyàn ń lọ kò tó nǹkan. Ojúbọ tí Arugbá ń gbé igbá wọ̀ kò lè gba ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà kí wọ́n má fara kan ara wọn. Ṣáájú kí wọ́n tó dé ibẹ̀ pàápàá, wọ́n ti jókòó mọ́ra wọn nínú ọkọ̀, wọ́n ti sùn ní mẹ́ta-mẹ́rin nínú yàrá kan, wọ́n ti tò síwájú ìyá olóúnjẹ. Nítorí náà, ìrìn àjò sí inú igbó náà ló ní ewu jù. Dídín èrò kù láti ilé wá sì ni ọ̀nà kan ṣoṣo tí a fi lè dín ìrìn àjò kù.

Ohun tí àwọn mìíràn ṣe káàkiri ayé kò yàtọ̀ sí èyí. Ní ilẹ̀ Íńdíà, wọ́n ti Taj Mahal pa ní oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà tí wọ́n sì ṣí i ní ọjọ́ 21, oṣù kẹsàn-án, èèyàn 5,000 péré ni wọ́n gbà láàyè lójúmọ́. Ní orílẹ̀-èdè Peru, ọjọ́ 1, oṣù kọkànlá, ni wọ́n ṣí Machu Picchu, ìlú àtijọ́ tó wà lórí òkè, wọ́n sì ní èèyàn 675 lójúmọ́, kò gbọdọ̀ lé. Háájì ọdún náà, àwọn tó ti ń gbé ní Saudi Arabia tẹ́lẹ̀ nìkan ló ṣe é. Wọ́n ka orí ni gbogbo wọn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá yàtọ̀ ni pé Taj Mahal ní ògiri àti ẹnu ọ̀nà, ìwé ìwọlé ni wọ́n sì ń tà. Ẹni tó bá fẹ́ wo ibojì ọba lè sún un di ọdún tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún obìnrin tó jẹ́ ẹ̀jẹ́ ní èṣí, tí odò sì dá a lóhùn, pé kó sún ẹ̀jẹ́ sísan síwájú? Olùsìn kì í ṣe arìnrìn-àjò afẹ́, òfin tí a sì ṣe bí ẹni pé ọ̀kan náà ni àwọn méjèèjì yóò máa bí èèyàn nínú ni.

Àwọn tó jìyà ọdún náà ni àwọn tó ń ta àdìrẹ, àwọn agbẹ́gilére, àwọn onílé ìtura àti àwọn ọlọ́kadà, tí ọ̀sẹ̀ méjì ọdún Ọ̀ṣun jẹ́ ìkórè fún. Wọ́n fara mọ́ ọn. Wọ́n ní ẹ̀mí ló ṣe kókó.

Bí ẹ̀mí bá ṣe kókó lóòótọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà kò yé ọ̀pọ̀ èèyàn. Ní ọdún 2022, bí àjọ̀dún ṣe ń súnmọ́lé, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún àwọn aráàlú àti àwọn àlejò pé kí wọ́n má mu omi odò Ọ̀ṣun, torí pé ó ti ní ìdọ̀tí tó lè ṣe ara ní jàǹbá nínú. Ẹnikẹ́ni tó bá dúró lórí afárá Òṣogbo ní àwọn ọdún yẹn kò nílò dókítà kó tó mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀: omi tí àwọn àgbà mọ̀ ní mímọ́ ti pọ́n, ó ti ki bí ẹrẹ̀. Ẹ̀sùn náà sì lọ tààrà sọ́dọ̀ àwọn tó ń wa góòlù ní agbègbè Iléṣà àti Àtàkúnmọ́sà. Àwọn kan nínú wọn ní ìwé àṣẹ, àwọn mìíràn kò ní, wọ́n sì ń fọ erùpẹ̀ nínú àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn wọ inú Ọ̀ṣun.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń ba omi jẹ́ kò le láti yé èèyàn. Góòlù wà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nínú erùpẹ̀ àti òkúta. Awakùsà yóò gbẹ́ ilẹ̀, yóò lọ òkúta kúnná, yóò sì fi omi ṣàn án. Ẹrẹ̀ tó ṣẹ́kù, odò ló ń gbé e lọ. Ọ̀pọ̀ àwọn awakùsà kéékèèké káàkiri ayé tún máa ń da mákúrì sí i, ìyẹn irin tó ń ṣàn bí omi, nítorí pé góòlù máa ń lẹ̀ mọ́ ọn. Wọn yóò wá fi iná sí i kí mákúrì lè fò lọ, kí góòlù lè kù. Mákúrì tó fò lọ kò parẹ́. Yóò balẹ̀ sórí ilẹ̀, òjò yóò gbé e wọ odò, àwọn kòkòrò ìsàlẹ̀ omi yóò sọ ọ́ di oró tó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹja kékeré yóò jẹ ẹ́, ẹja ńlá yóò jẹ ẹja kékeré, èèyàn yóò jẹ ẹja ńlá. Ẹni tó bá rò pé sísè ni yóò pa á, asán ló ń ṣe. Òjé àti mákúrì kì í kú sínú ìkòkò. Bí ó ti ń pọ̀ sí i nínú ara ni yóò máa ba iṣan àti ọpọlọ jẹ́, ọmọ tó wà nínú oyún ló sì ń fara gbá a jù.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ohun tí a lè fi ṣe àwàdà. Kí ni ọ̀pọ̀ obìnrin ń wá lọ sí odò Ọ̀ṣun? Ọmọ ni. Omi tútù tí ìyá ọlọ́mọ yọyọ fi ń wo àgàn sàn ni wọ́n ń mu, òun ni wọ́n ń bù lọ sílé fún aláboyún àti ọmọ ọwọ́. Ẹni tí mákúrì lè pa lára jù lọ gan-an ni ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ń rán lọ sí etí odò láti mu ún. Nígbà kòrónà, àwọn arúgbó ni wọ́n ń ṣọ́. Nínú ti omi yìí, ọmọ tí wọn kò tíì bí ni.

Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ pé àsọdùn ni. Ní ọdún 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, ó lé ní 400 ọmọdé tó kú nítorí òjé. Góòlù náà ni àwọn òbí wọn ń wá. Òkúta tí wọ́n ń lọ láàárín ilé ní òjé nínú, eruku rẹ̀ bò gbogbo agboolé, àwọn ọmọdé ń fi ọwọ́ kó o sẹ́nu. Ní abúlé Bagega, tí ó wà lára àwọn ibi tí ọ̀rọ̀ náà kàn, ọdún 2013 ni wọ́n tó palẹ̀ òjé náà mọ́. Òkúta ilẹ̀ Iléṣà kì í ṣe òkúta Zamfara, lóòótọ́, odò kì í sì í ṣe agboolé. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé irú ikú yìí kì í kan ìlẹ̀kùn. Àwọn ọmọ ti ń kú kí ìjọba tó mọ ohun tó ń pa wọ́n.

Ẹni tó bá mọ ìtàn Òṣogbo yóò rí i pé ọ̀rọ̀ omi àti ẹja kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré níbẹ̀. Ìtàn ìlú sọ pé nígbà tí Láròóyè àti Tìmẹ́hìn ń wá ibi tí omi wà fún àwọn èèyàn wọn, igi tí wọ́n gé ṣubú sínú odò, ó fọ́ ìkòkò aró òrìṣà, ohùn kan sì jáde láti inú omi. Májẹ̀mú ni wọ́n bá dá: ìlú yóò máa bọ odò, odò yóò máa dáàbò bo ìlú. Àwọn àgbà sọ pé orúkọ oyè Àtáọ́ja fúnra rẹ̀, inú kí ọba tẹ́wọ́ gba ẹja ló ti wá. Nínú igbó náà títí di òní, èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni pẹja, kó dẹ̀gbẹ́ tàbí kó gégi. Odò náà gan-an kò sì tòrò síbẹ̀: láti ilẹ̀ Èkìtì, ní apá Ìgèdè, ló ti ń bọ̀, ó sì ń lọ títí dé ọ̀sà Lẹ́kí. Ẹja tí a kò gbọdọ̀ pa ní Òṣogbo lè lúwẹ̀ẹ́ kọjá, kó sì di ọbẹ̀ ẹlòmíràn nísàlẹ̀ odò.

Ìgbà kan wà tí igbó yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ pa run. Ní nǹkan bí ọdún 1950 sí 1960, wọ́n ń gé igi rẹ̀, àwọn kan ń fẹ́ sọ ilẹ̀ rẹ̀ di oko àti ilé. Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, tó dé Nàìjíríà ní 1950 tó sì wà níbẹ̀ títí ó fi kú ní 2009, pẹ̀lú àwọn olùsìn àti àwọn ọ̀mọ̀lé, agbẹ́gilére àti alágbẹ̀dẹ ìlú náà, ni wọ́n dúró tì í. Ère ńláńlá tí wọ́n mọ síbẹ̀ di ọgbà tí ẹnikẹ́ni kò lè fò kọjá. Ìjọba sọ apá kan igbó náà di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1965, nígbà tó sì di 2005, àjọ UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ogún gbogbo àgbáyé, ìkejì irú rẹ̀ ní Nàìjíríà lẹ́yìn Sukur ti ìpínlẹ̀ Adamawa. Iṣẹ́ ribiribi ni. Ṣùgbọ́n ọ̀tá tí wọ́n mọ ọgbà náà sí ni ẹni tó ń mú àáké àti ọkọ́ bọ̀ láti ẹnu ibodè. Kò sí ọgbà tí a lè mọ sí ẹnu odò.

Ta ló wá láṣẹ láti ṣe nǹkan kan? Ìdáhùn rẹ̀ kò dùn mọ́ àwọn ará Ọ̀ṣun nínú. Ohun àlùmọ́ọ́nì tó wà nínú ilẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìwé òfin ọdún 1999 ṣe sọ, ìjọba àpapọ̀ ló ni ín. Òfin ìwakùsà ti ọdún 2007 sì fi ìwé àṣẹ sí ọwọ́ àwọn tó wà ní Àbújá. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ló ń ṣàkóso igbó náà. Ìjọba ìpínlẹ̀ wá dúró láàárín, kò lè gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ awakùsà, kò ni igbó, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni aláìsàn yóò kó wá, òun náà ló sì ń fi àjọ̀dún pe àlejò. Àbájọ tó fi jẹ́ ìkìlọ̀ ló lè ṣe. Ìkìlọ̀ kò náni lówó, kò bí awakùsà nínú, bí aburú bá sì ṣẹlẹ̀, a ó ní a ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Síbẹ̀, àwáwí yẹn kò lè bo gbogbo rẹ̀. Nígbà kòrónà, ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ rí i pé ó ṣeé ṣe láti fi ẹnu kò láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Iye àwọn tí àrùn mú ń jáde lójoojúmọ́, ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀, títí tí àwọn ọmọ iléèwé fi mọ̀ ọ́n lórí. Kí ló dé tí èsì àyẹ̀wò omi Ọ̀ṣun kò lè máa jáde lóṣooṣù bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà igbó ní èdè Yorùbá, kí wọ́n kà á lórí rédíò? Omi ẹ̀rọ tó mọ́ lè wà nítòsí ojúbọ fún ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Ní òkè odò, a lè fipá mú ẹni tó bá ń wa góòlù láti gbẹ́ kòtò tí ẹrẹ̀ yóò ti silẹ̀ kí omi rẹ̀ tó dé odò, kí a sì lé ẹni tí kò bá ní ìwé àṣẹ kúrò. Nàìjíríà ti fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé lórí mákúrì, èyí tí wọ́n fi orúkọ Minamata pè, ìlú kan ní Japan tí ẹja olóró sọ àwọn ará ibẹ̀ di abirùn. Kò sí ohun tuntun tí a ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ju ohun tó ti gbà láti ṣe.

Àwọn olùsìn pàápàá kò sọ ohùn kan lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan gbà pé omi Ọ̀ṣun kò lè pa ọmọ Ọ̀ṣun, pé òrìṣà tó ń wẹ ẹ̀ṣẹ̀ ìlú nù yóò wẹ ara rẹ̀ náà. Àwọn mìíràn ń sọ pé májẹ̀mú ọjọ́ kìíní kò ní ìdajì kan. Bí odò bá ń ṣọ́ ìlú, ìlú náà ní láti ṣọ́ odò, àti pé ẹni tó ń da ẹrẹ̀ sí i lórí ni wọ́n ń bá wí, kì í ṣe ẹni tó ń bù ú mu. Aláṣẹ tó bá fẹ́ kí wọ́n gbọ́ràn sí òun lẹ́nu yóò jókòó ti Ìyá Ọ̀ṣun àti Àwòrò, kò ní í máa rán ìkìlọ̀ sí wọn láti ọ́fíìsì. Nígbà kòrónà, ààfin wà níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìpinnu, ìyẹn sì wà lára ohun tó mú kí ètùtù ṣeé ṣe.

Bí oṣù kẹjọ bá tún dé, àwọn kẹ́ẹ̀gì yóò tún tò sí etí odò. Àwọn kan yóò bá ọkọ̀ lọ sí Èkó, wọ́n yóò rọ díẹ̀ sínú ìgò kékeré fún àbúrò tó wà lókè òkun, tó ti ń retí rẹ̀. Kí ó tó ri kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ bọ omi, bí ọ̀kan nínú wọn bá yíjú padà béèrè pé kí ni àyẹ̀wò oṣù yìí sọ, ó yẹ kí ẹnìkan wà níbẹ̀ tó lè dá a lóhùn.